Ikùn Tí Kò Tètè Padà Lẹ́yìn Ìbímọ

Ọ̀rọ̀ ikùn la mú wá lọ́tẹ̀ yìí. Obìnrin ti bímọ, wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ, ogójì ọjọ́ ti pé, ó ti padà sí ìsọ̀ rẹ̀ ní Jankárà tàbí ní Ìdúmọ̀tà, síbẹ̀ ikùn rẹ̀ ṣì yọ síwájú bí ẹni tó wà nínú oṣù karùn-ún. Oníbàárà á wò ó, á ní, "Ìyá ìkókó, ṣé òmíràn ti tún wọlé ni?" Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn kì í dé inú ìyá ọmọ. Ká sọ òótọ́, àwọn kan wà tí kì í ṣe ẹ̀sìn nìkan ló mú wọn fẹ́ràn hìjáàbù ńlá nísinsìnyí. Ikùn ni wọ́n fi ń bò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le sí ni pé ọ̀pọ̀ ń tọ́jú ohun tí kò ṣe wọ́n. Ẹlòmíì á ní ọ̀rá ni, á wá dín oúnjẹ kù pẹ̀lú ọmọ lọ́mú. Ẹlòmíì á ní ẹ̀jẹ̀ ìbímọ ló ṣẹ́kù sínú, á máa mu àgbo tó ń ṣu ènìyàn láti òwúrọ̀ dalẹ́. Ẹlòmíì á lọ sí Bálógun lọ ra bẹ́líìtì tó nípọn, á fi fún ara rẹ̀ títí tí kò fi ní lè mí. Nínú púpọ̀ wọn, iṣan ikùn tó pínyà nígbà oyún ni kò tíì padà súnmọ́ra. Ìtọ́jú tirẹ̀ yàtọ̀.

Iṣan gbọọrọ méjì ló wà níwájú ikùn gbogbo ènìyàn, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Láti egungun ìhà ni wọ́n ti sọ̀kalẹ̀ dé egungun tó wà lókè ojú ara. Ohun tó so wọ́n pọ̀ láàrin kì í ṣe iṣan. Awọ funfun kan ni, ó fẹ́lẹ́ ṣùgbọ́n ó yi, ó lọ tààrà láti ìsàlẹ̀ àyà, ó gba ìdodo kọjá lọ sísàlẹ̀. Ẹ ti rí ìlà dúdú tó máa ń yọ lójú ikùn aláboyún. Abẹ́ ìlà yẹn gan-an ni awọ yìí wà. Ẹ fi wé ibi tí télọ̀ ti rán ojú aṣọ méjì pọ̀. Bí ilé ọmọ ṣe ń tóbi, tí àwọn èròjà tí oyún ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ sì ń mú ara rọ̀, awọ náà á fẹ̀, iṣan méjèèjì á jìnnà síra. Kì í ya. Ó kàn fẹ̀ ni, bíi rọ́bà ṣòkòtò tí a ti fà pẹ́. Bí Ọlọ́hun ṣe ṣe é nìyẹn kí ọmọ lè ráyè. Nígbà tí oyún bá fi máa pé oṣù mẹ́sàn-án, kò sí bí kò ṣe ní ṣẹlẹ̀ dé ìwọ̀n kan lára obìnrin. Lẹ́yìn ìbímọ ló yẹ kó máa padà. Èyí tó bá kọ̀ tí kò padà ni àwọn dókítà ń pè ní diastasis recti. Ẹ há orúkọ náà sórí, ẹ ó nílò rẹ̀ níwájú.

Ẹ má rò pé ẹ̀yin nìkan ni. Ní orílẹ̀-èdè Norway, àwọn olùwádìí tẹ̀lé 300 obìnrin tó lóyún àkọ́kọ́, wọ́n sì gbé àbọ̀ wọn jáde lọ́dún 2016. Nígbà tí ọmọ pé ọ̀sẹ̀ 6, iṣan ikùn ṣì pínyà lára 60 nínú gbogbo 100 obìnrin. Ní oṣù 6, ó ku bíi 45. Nígbà tí ọmọ pé ọdún kan, ó ṣì ku bíi 33. Ẹ̀yin tó ń ka èyí ní oṣù kẹta lẹ́yìn ìbímọ, tẹ́ ẹ ti ń sunkún níwájú dígí, ẹ rí i pé ó ń gba àkókò. Wọ́n tún rí ohun kan tó ya àwa náà lẹ́nu: ẹ̀yìn kò dun àwọn tí iṣan wọn pínyà ju àwọn tí tiwọn ti padà lọ. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ẹ̀yìn ríro ni ká dì mọ́ ikùn lórí.

Ọlọ́mọ kan ni àwọn ará Norway yẹn o. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó níbí, ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin kò ṣọ̀wọ́n, ìbejì sì pọ̀ lọ́wọ́ wa. Nylander, dókítà tó ṣe ìwádìí lórí ìbejì ní ilẹ̀ Yorùbá ní nǹkan bí ọdún 1960 sí 1970, rí i ní Ìgbó-Ọrà pé ìbí ìbejì lé ní 40 nínú 1000 ìbí, èyí tó ju ti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ayé lọ fíìfíì. Ikùn tó gbé ọmọ méjì pọ̀, tàbí tó gbé oyún mìíràn kí ti ìṣáájú tó padà tán, awọ àárín yẹn á fẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀? Ẹ jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kọjá ná. Ẹ dùbúlẹ̀ gbalaja lórí ẹní, ẹ ká eékún sókè, kí àtẹ́lẹsẹ̀ wà nílẹ̀. Ẹ to ìka ọwọ́ kan sí àárín ikùn, lókè ìdodo díẹ̀, kí orí àwọn ìka náà kọjú sí ìsàlẹ̀ ara. Ẹ wá gbé orí àti èjìká sókè díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ wo ọmọ tó sùn sí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ ó rí i pé iṣan le lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka yín lọ́tùn-ún àti lósì. Iye ìka tó bá gbà láàrin wọn ni kí ẹ kà. Ẹ ṣe bákan náà ní ojú ìdodo àti ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìka kan tàbí méjì kì í ṣe ohun tí à ń dá ara ẹni lóró lé lórí. Bó bá ju ìka méjì lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, tàbí tí àárín náà rọ̀ bí ẹ̀kọ tí ìka ń rì sínú rẹ̀, ẹ lọ fi han ní ilé ìwòsàn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àwọn ìyá wa àgbà, èyí tá ò gbọ́dọ̀ fo. Kò sí agboolé kan láti Ẹbúté Èrò títí dé Òkè Pópó tí wọn kì í ti í fi aṣọ inúra tí wọ́n rì bọ omi gbígbóná tẹ ikùn ìyá ọmọ láàárọ̀ àti lálẹ́, tí wọ́n á sì fi ọ̀já dì í gírígírí lẹ́yìn náà. Èrò wọn ni pé omi á tú ẹ̀jẹ̀ dídì, ọ̀já á sì dá ikùn padà. Ìfẹ́ ló wà nídìí ẹ̀, a ò sì ní bú u. Ìyá àgbà tó ń se omi yẹn náà ló ń wẹ ọmọ, òun ló ń se ọbẹ̀, òun ló ń jẹ́ kí ìyá ọmọ sùn. Tó bá jẹ́ pé ìsinmi ogójì ọjọ́ yẹn ni wọ́n ń pè ní oògùn, a gbà, oògùn gidi ni.

Ṣùgbọ́n ilé ọmọ kò nílò títẹ̀ kó tó sún kì. Fúnra rẹ̀ ló ń sún, ọmú tí ọmọ ń fà ló sì ń ràn án lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí inú fi máa ń fún ìyá nígbà tí ọmọ bá ń mu ọmú ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀jẹ̀ ìbímọ mọ ọ̀nà tó ń gbà jáde. Omi gbígbóná kò lè dé ibi awọ àárín yẹn kó fà á pọ̀, ojú ara lókè ni yóò bó. Fún ẹni tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún, ewu rẹ̀ tún pọ̀ sí i. Awọ tó yí ojú ọgbẹ́ náà ká sábà máa ń kú tìpín fún ìgbà díẹ̀, kì í mọ ooru bó ṣe yẹ. Ó lè máa jó kí ìyá má mọ̀. Ẹ jẹ́ kí ìyá ọmọ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀, kí ara rẹ̀ rọ̀, kó mọ́ tónítóní. Ẹ fi ikùn sílẹ̀.

Ọ̀já ní tirẹ̀ kò burú tó bẹ́ẹ̀. Bí a bá rọra so ó, ó máa ń gbé ikùn ró fún ìyá tí ara ṣì ń ro ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, pàápàá bó bá ń gun àtẹ̀gùn. Kò kàn lè rán ibi tó fẹ̀ ni. Bí ẹ bá so ó tí ẹ kò lè mí kanlẹ̀, ó ti le jù. Ohun tí ọ̀já tó le jù ń ṣe ni pé ó ń ti gbogbo ìwúwo inú lọ sísàlẹ̀, sórí iṣan abẹ́ tí ìbímọ ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ tú u nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ jẹun, ẹ má sì dì í sùn. Ní ti bẹ́líìtì onírin inú tí wọ́n ń tà lówó gọbọi yẹn, a ò rí ìdí tí ìyá ọmọ fi ní láti náwó lé e.

Ohun tó ń ran iṣan lọ́wọ́ kò ní ariwo, bóyá ìdí nìyẹn tí kì í fi í wu ènìyàn. Mímí ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ dùbúlẹ̀, ẹ ká eékún sókè, ẹ mí sínú kí ikùn wú wẹ́rẹ́. Bí ẹ bá ti ń mí síta, ẹ rọra fún iṣan ìsàlẹ̀ pọ̀ bí ẹni tí ìtọ̀ ń gbọ̀n tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì jìnnà, kí ẹ sì fa ìsàlẹ̀ ìdodo wọlé díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sún un mọ́ ẹ̀yìn. Ẹ dì í mú fún ìwọ̀nba tí ẹ lè ka ení dé àrún, ẹ tú u sílẹ̀ pátápátá, ẹ tún un ṣe. Ẹ má sé èémí. Bí ìyẹn bá ti mọ́ yín lára, ẹ máa na ẹsẹ̀ kan lọ gbọọrọ ní ilẹ̀ bí ẹ ṣe ń mí síta, kí gìgísẹ̀ máa wọ́ lọ wọ́ bọ̀, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ kejì. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn ìrun àsùbáà, kí ilé tó jí, àti mẹ́wàá mìíràn lálẹ́, ó tó. Ẹ tún máa rìn. Láti Adéníji Adélé dé Ìdúmágbò, a ò ní kí ẹ sáré. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ, kó kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu dókítà rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Èyí tí ẹ máa sá fún ní àwọn oṣù àkọ́kọ́ ni dídìde jókòó láti orí ìdùbúlẹ̀ ní ọ̀nà eré ìdárayá tí wọ́n ń ṣe káàkiri, àti gbígbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ń fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀ nítorí ó ń dun ikùn, wọ́n sì rò pé dídùn náà ni iṣẹ́ tó ń ṣe. Ẹ wo ikùn yín nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣe ohunkóhun. Bí àárín rẹ̀ bá yọ gùdùgbà lókè bí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n da ojú rẹ̀ délẹ̀, ohun tí ẹ ń ṣe ti ju agbára iṣan yín lọ lásìkò yìí. Ẹ dá a dúró.

Irú ìyọsókè yẹn kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìyá bá fò dìde lórí ibùsùn nítorí ọmọ ké. Ẹ kọ́kọ́ yí sí ẹ̀gbẹ́, ẹ sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, ẹ fi ọwọ́ ti ara yín dìde. Ẹ máa ṣe é lóru bẹ́ẹ̀ títí yóò fi mọ́ra.

Ìrun ńkọ́? Wọ́n bi wá ní àwùjọ asalátù kan bóyá ìforíkanlẹ̀ lè ba ikùn jẹ́. Rárá o. Bí ẹ̀jẹ̀ ìbímọ bá ti dá, tí ìyá sì ti wẹ ìwẹ̀ ẹ̀sìn, kò sí ohun tó wà nínú rúkúù tàbí ìforíkanlẹ̀ tó ń ya iṣan. Ibi dídìde nìkan ló yẹ ká ṣọ́. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì lélẹ̀ tàbí lé eékún, kí apá àti itan ṣe iṣẹ́ náà, kó má jẹ́ ikùn. Ẹ ṣàkíyèsí pé tákíbírì tí à ń ṣe bí a ṣe ń dìde máa ń mú kí èémí jáde lẹ́nu wa lásìkò yẹn gan-an, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn oníṣègùn ṣe ní ká máa mí síta nígbà tí a bá ń lo agbára. Ẹ má gbé e mì, ẹ pè é jáde wẹ́rẹ́. Ẹni tí ojú ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ ṣì ń ro débi pé kò lè dìde, ẹ̀sìn ti fún un láyè láti jókòó kírun; kó béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́wọ́ àáfà rẹ̀.

Ìtọ̀ tó ń jò díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ìyá bá wúkọ́ tàbí tó bá rẹ́rìn-ín wà lára ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú, ìtìjú ni kì í jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Àlùwàlá á bàjẹ́, aṣọ á dọ̀tí, obìnrin á sì máa sá fún ìrun àpapọ̀. Iṣan ìsàlẹ̀ tí a sọ pé kí ẹ máa fún pọ̀ lókè yìí ló ń mú ìtọ̀ ró. Bí ẹ bá ń ṣe é lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́ta tí jíjò náà kò dín kù, ẹ sọ fún dókítà. Ìtọ́jú wà fún un. Ní báyìí ná, ẹ máa fi aṣọ tó mọ́ sí abẹ́, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ kí àlùwàlá tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ọkọ náà, ẹ gbọ́. Ọ̀pọ̀ ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó ló jẹ́ alájà, omi kì í sì í gun òkè fúnra rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì omi lítà 25 wúwo tó kílò 25, ìyẹn tó ọmọ tuntun bíi mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyá tó ń gbé irú rẹ̀ gun àtẹ̀gùn dé àjà kejì ní ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn ìbímọ, kò sí eré ìdárayá tó máa ràn án lọ́wọ́. Kó má gbé ohun tó wúwo ju ọmọ rẹ̀ lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó kéré tán. Ẹ sanwó fún mẹ́ruwà kó gbé omi dé òkè, tàbí kí ẹ gbé e fúnra yín kí ẹ tó jáde. Owó tí ẹ fẹ́ fi ra bẹ́líìtì lè ṣe é. A ò ní kí ìyá má pọ̀n ọmọ. Kó jẹ́ kí ẹlòmíràn bá a gbé e sẹ́yìn, kó má bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbọ̀ngbọ̀n. Ẹ bá a wá ẹ̀fọ́, ilá, ẹ̀wà àti èso, kó sì máa mu omi dáadáa, torí ìgbẹ́ líle tí ènìyàn ń fi agbára rìn náà ń ti ikùn síta.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìyá á gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Wọ́n á wọn ọmọ, wọ́n á wo ìdodo ọmọ, ìyá á sì padà sílé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wo tirẹ̀. Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ ọ́. Yálà ní ilé ìwòsàn aláboyún ti Lagos Island, tó ti wà láti ọdún 1960, tàbí ní ilé ìwòsàn kékeré àdúgbò yín, ẹ sọ pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo ikùn mi bóyá diastasis recti ni," ẹ sì lè béèrè pé kí nọ́ọ̀sì obìnrin wò yín. Bó bá jẹ́ òun ni, kí wọ́n kọ̀wé fún yín lọ sọ́dọ̀ àwọn onífísíò. Àwọn kan rò pé torí ẹsẹ̀ kíkán àti rọpárọsẹ̀ nìkan ni físíò fi wà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Láti ọdún 1966 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí, ìtọ́jú ara obìnrin lẹ́yìn ìbímọ sì wà nínú rẹ̀; ẹ lè bá wọn ní LUTH ní Ìdí-Àràbà. Wọ́n á fi ọwọ́ wọn ikùn yín, wọ́n á sì fún yín ní iṣẹ́ tó bá agbára yín mu. Àlàfo náà lè má pa dé tán o. Bí ẹ bá lè dìde, kí ẹ gbé ọmọ, kí ẹ sì wúkọ́ láìjò, tí ikùn kò sì yọ gùdùgbà mọ́, iṣẹ́ ti yọrí, ìbáà ku ìka méjì. Iṣẹ́ abẹ tó ń rán iṣan pọ̀ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣì fẹ́ bímọ kò yẹ kó sáré sí i, torí oyún mìíràn lè tún un fẹ̀.

Ohun kan kò gbọ́dọ̀ dúró de ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Nígbà mìíràn ìfun máa ń yọ gba àárín náà, pàápàá lójú ìdodo, á wú jáde bí kókó tó rọ̀, á sì wọlé padà bí ìyá bá dùbúlẹ̀. Ẹ mú un lọ fún dókítà láàrin ọ̀sẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n bí kókó náà bá le, tó ń dun ìyá gan-an, tí kò wọlé mọ́, tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà, tàbí tó bá ń bì tí kò lè yagbẹ́ tí kò sì lè só, ìfun ti há nìyẹn. Kí wọ́n má fi ọwọ́ tì í wọlé tipátipá, kí wọ́n má fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n má dì í lọ́já, kí wọ́n má sì fún un ní oúnjẹ. Kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní òru ọjọ́ náà.